Ẹ Nu Ẹsẹ̀ Yín Kí Ẹ Tó Wọ Kọ̀ǹpútà

Ọdún mọ́kànlélógún ni Bàbá Ẹnu-Ọ̀nà fi jókòó sórí àga kan náà níwájú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí kí aráyé lè wò ó. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọlé láìnu ẹsẹ̀, láìkọ orúkọ sínú ìwé ńlá tó wà lórí itan rẹ̀. Mínísítà kan kọ̀ láti nu ẹsẹ̀ nígbà kan. Ìta ló ti wo ilé náà, ó yin òrùlé, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó Bàbá pàápàá ń kọ orúkọ bó bá gbé oúnjẹ wá.

Lọ́dún tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọ̀gá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ya fọ́tò ìkòkò, idà àti àga ọba, ó kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó pe Bàbá sí ọ́fíìsì.

"Bàbá, irinwó àlejò la gbà lóṣù yìí."

"Irọ́ rèé o! Mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ìyàwó mi sì wà nínú wọn."

"Íńtánẹ́ẹ̀tì ni àwọn yòókù gbà wọlé. Ilé wọn ni wọ́n jókòó sí."

Irinwó èèyàn ti gba ẹ̀yìn Bàbá wọlé! "Ṣé wọ́n nu ẹsẹ̀?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní nígbà tí ẹnu ọ̀nà ti dá páropáro, kí Bàbá lọ máa ṣọ́ àwọn àga tó kán nílé ẹrù láti ọjọ́ Ajé. Ẹni tó ti ń kí èèyàn káàbọ̀ látọjọ́ yìí, kó wá lọ máa kí àga! Ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

Bàbá ò jà. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé àga rẹ̀ wọ yàrá kọ̀ǹpútà, ó kọjú sí i, ó gbé ìwé lé itan.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe níbí?" Akọ̀wé tó ń lo kọ̀ǹpútà náà ló ń bi í.

"Mò ń ṣọ́nà. Bá mi kọ ọ́ síwájú níbẹ̀, kí wọ́n tó rí ohunkóhun: Ẹ káàbọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ẹsẹ̀ yín. Kí lorúkọ yín?"

Ẹ̀rín pa akọ̀wé, àánú sì ṣe é. Ó kọ ọ́.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, lẹ́tà mẹ́tàdínlógún ti wọlé sórí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin kan ní òun ti nu tòun, òun sì ti bá ajá òun nu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tíṣà kan ní ọgbọ̀n ọmọ lòun kó jọ, gbogbo wọn ló bọ́ bàtà. Ọ̀gá ń kà á sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó kan lẹ́tà ìyá arúgbó kan, ohùn ọ̀gá wálẹ̀:

"Ẹ ṣeun, onílé. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀. Ó ti pẹ́ tẹ́nikẹ́ni ti ní kí n nu ẹsẹ̀ kí n tó wọlé. Mo ti ní kí ọmọ mi bá mi nù ún. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà."

Ọ̀gá fa lẹ́tà tó fẹ́ fi gbé Bàbá lọ sílé ẹrù ya. Bàbá ò tiẹ̀ rí i. Bírò ló ń wá káàkiri àpò, kó lè kọ orúkọ ìyá náà sínú ìwé.

"Akọ̀wé, kí lò ń wò? Àgbàlagbà ló wà lórí ìdúró yẹn! Sọ fún wọn kí wọ́n máa wọlé bọ̀. Kí wọ́n rọra o, ilẹ̀ tá a nù láàárọ̀ yìí ṣì tutù."