Olè Tí Màmá Mi Lọ Mú ní Thamesmead

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn bí màmá mi ṣe gbé orógùn lọ mú olè ní South Thamesmead, ní London níbí. Olè tí kò sí níbẹ̀ rárá o!

Ìyàwó mi bímọ, nígbà tó sì ku ọ̀sẹ̀ kan kó padà síbi iṣẹ́, Màmá wá láti Òṣogbo láti bá wa gbé ọmọ. Iṣẹ́ care, ìyẹn ìtọ́jú àwọn arúgbó, ni ìyàwó mi ń ṣe, bọ́ọ̀sì lèmi ń wà. Ó ku ọjọ́ méjì kí ìyàwó mi padà sẹ́nu iṣẹ́, ni Màmá bá ní kí n bá àwọn yí tíkẹ́ẹ̀tì àwọn padà, àwọn fẹ́ máa lọ sílé.

Kí ló dé? Wọ́n ní ilé dákẹ́ jù. Wọ́n ní ajá làwọn èèyàn ń kí ládùúgbò yìí, wọn kì í kí èèyàn. Mo gbé! Ta ni yóò wá gbé ọmọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ ṣáà mọ iye owó tí childminder tó ń báni tọ́jú ọmọ ń gbà.

Sátidé ni ọjọ́ náà, lọ́sàn-án. Màmá ń ro semo, ìyàwó mi lọ sọ́jà ní Woolwich. Ṣàdédé ni obìnrin kan figbe ta lẹ́yìn ògiri: "Olè! Olè!" Ó tún ń pàtẹ́wọ́ gbà-gbà-gbà.

Màmá ní: "Ṣé ọmọ Yorùbá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tó ò sọ fún mi? Wọ́n ti ń jà á lólè o!"

Kí n tó gbé ọmọ, Màmá ti jáde pẹ̀lú orógùn, semo ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn aládùúgbò wa: "Olè ọ̀hún dà? Ibo ló gbà?"

Auntie Pilar ló ṣílẹ̀kùn, ìyá arúgbó kan tó wá láti Spain. Ọdún mẹ́rin la ti ń gbé ara wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ju "hello" lọ láàárín wa. Wọ́n wo Màmá, wọ́n wo orógùn, wọ́n ní ẹ jọ̀ọ́, ṣé orin àwọn ló ń pariwo jù ni?

Orin! "Olé" ni ìyá ń bá rẹ́kọ́ọ̀dù kọ, bí àwa ṣe máa ń pariwo "ṣe é o!" tí orin bá wọra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé àmì ohùn ò ṣe nǹkan kan, ṣé ẹ rí i?

Mo ń tọrọ àforíjì, àmọ́ Auntie Pilar ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ilẹ̀kùn mú. Wọ́n ní ká wọlé. Ẹ wo rẹ́kọ́ọ̀dù! Gbogbo orin tó gba ipò kìíní ní Spain láwọn ọdún 1960, kí wọ́n tó wá ṣe cleaner síbí, ló tò síbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú díẹ̀ lára àwọn tó ṣe ipò kejì. Wọ́n ní Sátidé-Sátidé làwọn ń gbọ́ wọn, torí ilé dákẹ́ jù.

Mo túmọ̀ ìyẹn fún Màmá. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

Auntie Pilar gbé orin ìfẹ́ kan sí i, ọkùnrin kan ń fà á bíi pé kò ní tán láyé. Ni Màmá bá mirí. "Sọ fún un pé èyí ò yẹ nípò kìíní. Ta ló dìbò fún un? Bí ẹni tí eyín ń dùn ló ń kọ!"

Ṣé kí n túmọ̀ ìyẹn? Mo fẹ́ gbé e mì, Auntie Pilar ní àfi kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́ tán, ni wọ́n bá gbá tábìlì: ohun táwọn ti ń sọ láti kékeré nìyẹn! Wọ́n sáré mú èyí tó ṣe ipò kejì lọ́dún yẹn. Màmá gbọ́ ọ, èjìká wọn ń jó díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀hẹn! Wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni!"

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dá orin lẹ́jọ́ nìyẹn, ọ̀kan lédè Yorùbá, èkejì lédè Spain. Èmi tí mò ń túmọ̀, wọn ò rí tèmi rò mọ́.

Nírọ̀lẹ́, mo fọgbọ́n béèrè ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Màmá wò mí bíi pé mo bú wọn.

"Tíkẹ́ẹ̀tì wo? Orin ọdún méjì péré la ṣì dá lẹ́jọ́, ó ku mẹ́jọ. Ṣé kí n fi ìyá yẹn sílẹ̀ lóun nìkan pẹ̀lú gbogbo èrú tí wọ́n ṣe ní Spain?"

Ìyàwó mi lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbọ́ orin yẹn, tí mo kàn ń fi pílò bo etí. Ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín o, ẹ má dúró de igbe. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wo letí yín ti gbọ́ sódì rí nílùú onílùú? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí ìtìjú má baà jẹ́ tèmi nìkan!