Fátíhà Tí Mo Sáré Kà Lórí Irin Gbígbóná

Mi ò tíì rí òkun rí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn ná, torí òun ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọdún kejì ni mo bá dé ní ilé ìwé girama kí n tó fi í sílẹ̀, inú ìwé nìkan ni mo sì ti rí ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n lójú oorun, mo ti rí i láìmọye ìgbà. Títì Ìlọrin ló máa ń gbà wọ Ògbómọ̀ṣọ́ nínú àlá mi, wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí omi kankan lábẹ́ ẹ̀. Á kọjá ní oríta Takie láàárín àwọn ọlọ́kadà àti oníkẹ̀kẹ́, kò ní kọlu ẹnikẹ́ni, àwọn tó ń tajà ò sì ní gbójú sókè wò ó. Èmi nìkan ni mo máa ń dúró wò ó.

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ló fi ọkọ̀ ojú omi sí mi lórí. Ọ̀dọ̀ Alhaji, ọ̀gá mi, ni mo wà, ní àgbàlá kan lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ń kó irin àlòkù jọ sí. Èérún irin ni tèmi níbẹ̀. Tí àwọn tọ́nà bá gbé irin sórí máṣíìnì wọn, tí máṣíìnì ń yí i, tí ọ̀bẹ ń bó o lára, ohun tó ń já bọ́ sílẹ̀ ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Òmíràn á ká kọ́lọ́kọ́lọ́ bí irun, òmíràn á rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi gààrí, òróró máṣíìnì á sì wà lára gbogbo ẹ̀. À ń kó o lọ́dọ̀ àwọn tọ́nà ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tó bá ti kún lọ́rì, ó di èbúté l'Ékòó, wọ́n á dà á sínú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ á gbé e lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ti máa yọ́ ọ.

Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé irin ò lè ṣe ara ẹ̀ ní nǹkan kan. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo dé. Ṣùgbọ́n èérún irin ò dà bí ògidì irin. Tí omi bá kàn án, tí òróró wà lára ẹ̀, tí ẹ wá kó o jọ gègèrè, á bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà nínú, ìdípẹtà yẹn á sì máa mú ooru wá, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó ṣáná sí i, bí ara ọmọ tí ibà fẹ́ mú. Ẹ fọwọ́ kan òkè ẹ̀, ó tutù. Inú ẹ̀ ti ń hó.

Ọkùnrin kan tó ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́ wá láti Èkó wá wo àgbàlá wa nígbà kan. Ó jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, ó ní:

"Tó bá ti wọ ikùn ọkọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó tún lè fi ṣọ́bìrì yí i mọ́. Àwọn èèyàn ń jẹun lókè ẹ̀, wọ́n ń sùn lókè ẹ̀. Tí ooru bá bá a wọlé, àárín agbami ló máa di iná."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò lè da omi sí i?"

"Omi kẹ̀? Omi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Alhaji, ó ní ọjọ́ tí ẹrù gbígbóná kan ṣoṣo bá ti ọ̀dọ̀ wa wá, ọjọ́ náà ni òun ò ní gba ẹrù Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Ó fún wa ní ohun tí wọ́n fi ń wo ooru, ó gùn tó apá, orí ẹ̀ mú ṣóńṣó. Kò pẹ́ tó fi já bọ́ lórí lọ́rì, ó fọ́. Alhaji bá padà sí ọ̀nà tiẹ̀.

Ọ̀nà tiẹ̀ nìyí. Orí sìmẹ́ńtì ni èérún irin ń gbé. Kò gbọdọ̀ ga kọjá ìbàdí. Àràárọ̀ la máa ń fi ṣọ́bìrì yí i, tí a ó ṣa ewé, àkísà àti igi kúrò nínú ẹ̀. Èyí tí omi bá kàn, ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sóòrùn títí á fi gbẹ, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ gbígbẹ láéláé. Ní àárọ̀ tí lọ́rì bá fẹ́ gbéra, Alhaji á ki ọ̀pá irin bọ àárín òkìtì náà, á fi í síbẹ̀ títí á fi mu tíì ẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni á fà á yọ, á fi orí ẹ̀ lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́, á wá ka Fátíhà. Tó bá kà á dé Àmín tí kò gbé irin kúrò, ẹrù lè lọ. Tí kò bá lè kà á parí, ẹ tú u ká.

"Ẹ máa kà á bí ẹni tó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀," ló máa ń wí. "Kì í ṣe bí ẹni tí ajá ń lé."

Dẹ́rẹ́bà lọ́rì wa, ará Ọ̀yọ́ ni, àgbàlagbà, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Wòlíì ni Alhaji ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fi í joyè wòlíì. Ó máa ń fara ti táyà lọ́rì ẹ̀ tí Alhaji bá ń ka Fátíhà lórí irin, á ní:

"Alhaji, tó bá jẹ́ Sáàmù ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀."

"Sáàmù wo nínú ẹ̀? Kọkàndínlọ́gọ́fà? Wòlíì, kí o tó kà á dé ìlàjì, ọwọ́ ẹ á ti jinná, a ó máa wá ata."

"Ẹ̀yin ẹ máa yẹ̀yẹ́ mi. Ẹ̀yìn mi ni ẹ ń di iná sí, ẹ̀ẹ̀ sì dì í sí tiyín."

Eré ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n òótọ́ wà níbẹ̀. Òun ló ń jókòó síwájú ẹrù náà láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Èkó.

Lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, Alhaji pè mí, ó ní, "Tí lọ́dù yìí bá ti ṣe tán, ìwọ lo máa bá Wòlíì lọ. Lọ wo ọkọ̀ tó ń jẹ gbogbo làálàá ẹ." Láti ìgbà náà, mi ò sí láyé mọ́. Tí mo bá ń yí èérún irin, ìró ṣọ́bìrì a máa dà bí omi létí mi. Mo sọ fún gbogbo ayé. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo lọ sí Under G, lẹ́bàá yunifásítì, lọ gẹ irun, kí n má lọ fi orí wúruwùru bá òkun.

Onígbàjámọ̀ ní, "Ìwọ? Òkun? Ìwọ tí àgbàrá máa ń dá dúró!"

A ń rẹ́rìn-ín nígbà tí òjò dé. Mo ti ká tapólì kúrò lórí òkìtì kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, bí a ti ń ṣe lọ́sàn-án, kò sì sí ẹlòmíì tó mọ̀ pé mo ká a. Mo lè sáré. Mo lè gun ọ̀kadà nínú òjò yẹn. Mo jókòó, mò ń sọ bí ọkọ̀ ojú omi ṣe ga tó fún àwọn ọmọ yunifásítì, èmi tí mi ò rí i rí.

Nígbà tí mo dé àgbàlá, apá kan òkìtì náà ti rin gbingbin. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Tí mo bá yà á sọ́tọ̀, gbígbẹ ẹ̀ á gba ọjọ́ mélòó kan, lọ́rì á dúró, ọkọ̀ ojú omi ò sì ní dúró de lọ́rì. Mo mú ṣọ́bìrì, mo da tútù pọ̀ mọ́ gbígbẹ, mo pò ó títí ojú ò fi lè dá a mọ̀, mo tẹ́ tapólì lé e.

Ní àárọ̀ tí a máa lọ, Alhaji wà lórí fóònù pẹ̀lú ọkùnrin Èkó. Ó fi ọwọ́ júwe ọ̀pá irin sí mi pé kí n wò ó. Mo fà á yọ. Mo fi lé ọrùn ọwọ́ mi, ara mi sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo bá sáré. Mo ka Fátíhà bí a ṣe máa ń kà á ní ilé kéwú nígbà tí ebi bá ń pa wá tí a fẹ́ kí àfáà jẹ́ ká máa lọ, ọ̀rọ̀ ń gun orí ọ̀rọ̀. Mo dé Àmín kí ìrora tó dé ẹnu mi.

Alhaji fi ọwọ́ bo fóònù. "O kà á parí?"

"Mo kà á parí, sà."

Mo fa apá ẹ̀wù mi wálẹ̀ bo ibi tó pọ́n.

Wòlíì ń kọrin bí a ti ń lọ. Oòrùn àárọ̀ wà lára àwọn igi kajú, títì ń lọ níwájú wa bí aṣọ tí wọ́n ń tú, mo sì ń rí òkun ní òpin kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ní gbogbo àsìkò yẹn, mò ń gbọ́ ooru lẹ́yìn mi. Mo mọ̀ pé irin àti pákó wà láàárín wa, bóyá ọkàn mi ló ń gbọ́ ọ. Mo ní nínú ara mi pé atẹ́gùn ojú ọ̀nà á tù ú.

A yà ní Ọ̀yọ́ kí Wòlíì lè kí ìyàwó ẹ̀. Bó ṣe dúró níwájú ilé ni òjò fẹ́ẹ́rẹ́ kán. Èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lára tapólì, ó rọra ń lọ sókè bí ìkùukùu. Ó lẹ́wà. Ọlọ́run má bínú sí mi, ohun tí mo kọ́kọ́ rò nìyẹn.

Wòlíì bọ́ sílẹ̀, ó ń wò ó. "Ọmọ, kí ni ti èéfín yìí?"

"Oòrùn tó ti pa tapólì láàárọ̀ ni, Bàbá. Òjò bọ́ lé e ni."

"O wò ó kí a tó kúrò nílé?"

"Mo wò ó, sà. Mo ka Fátíhà dé Àmín."

Ojú ẹ̀ rọlẹ̀. Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó gun ẹ̀gbẹ́ lọ́rì lọ láti tún okùn so, ó sì ti ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ tapólì, ó ki í wọ inú èérún irin láti fi dá ara ẹ̀ lójú. Igbe tó ké, inú ilé ni ìyàwó ẹ̀ ti gbọ́ ọ.

Ìyàwó ẹ̀ ń da omi sí i lọ́wọ́, awọ àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ń ṣí bí awọ tòmátì tí wọ́n bọ̀. Kò bú mi. Ó ń wo ọwọ́ náà bí ohun tí ẹlòmíì fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Èmi àti àwọn tọ́nà àdúgbò da ẹrù náà sílẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà wọn tó ní ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, a tú u ká. Àárín ẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀yinná, ó ń mí. Mo yí i títí apá mi ò fi gbé ṣọ́bìrì mọ́.

Nígbà tí Wòlíì padà dé lọ́sàn-án, tí wọ́n ti di ọwọ́ ẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀.

"Bàbá, mo sáré kà á."

"Kí lo sáré kà?"

Mo bá sọ gbogbo ẹ̀: Under G, òjò, bí mo ṣe pò ó pọ̀, Fátíhà. Ìyàwó ẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó káwọ́ lérí. Wòlíì gbé ọwọ́ tí wọ́n dì náà lé itan, ó wò mí lójú.

"Torí òkun ni?"

"Torí òkun ni, sà."

"Òkun ò kúkú lọ síbì kankan." Ó mí kanlẹ̀. "Dìde. Alhaji ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹsẹ̀ ẹ lọ̀rọ̀ yìí máa fi rìn dé ibẹ̀."

Mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lójú ẹsẹ̀. Alhaji ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun Àsárì tán ni. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún Wòlíì, mo sì ká apá ẹ̀wù mi sókè kó lè rí ọrùn ọwọ́ mi. Kò wo ọrùn ọwọ́ mi.

"Ọwọ́ Wòlíì wo ló jó?"

"Ọ̀tún, sà."

Ó jókòó sórí ẹní ìrun náà padà. "O fi Fátíhà tàn mí," ló wí. Ó gbé fóònù, ó pe ọkùnrin Èkó, mo gbọ́ ọ bó ti ń sọ ọ́ láìfi bò: ẹrù wa gbóná, àwa la fà á, ẹ má retí wa. Ọkọ̀ náà lọ láìní tiwa nínú. Títí di òní, ọkùnrin náà ò tíì pe Alhaji padà.

Alhaji ò lé mi. Ó dá mi padà sí Ọ̀yọ́, ó ní kí n máa yí ẹrù yẹn láràárọ̀ títí á fi tutù dé inú, kí n sì máa ṣe ohunkóhun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe fún ẹni tí mo gba tiẹ̀. Mò ń fọ lọ́rì tí kò lọ síbì kankan. Mò ń pọnmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ìyàwó ẹ̀ ti ṣáájú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, agogo ti ń dún, mo sì bá Wòlíì lórí ibùsùn, sùtáànà funfun wà lórí itan ẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì nìkan wá ọ̀nà ọrùn ẹ̀.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa fẹ́ kí n fọwọ́ kan aṣọ náà.

"O ti ṣàlùwàlá?" ló bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Wá bá mi wọ̀ ọ́."

Mo wọ̀ ọ́ sí i lọ́rùn, mo fi bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sí ojú ẹ̀, mo so àmùrè mọ́ ọn nídìí. Ó ku apá ọ̀tún. Wòlíì dijú, ó na ọwọ́ tí wọ́n dì yẹn sí mi.