Ilẹ̀kùn Tó Gbọ́dọ̀ Kojú Iná

Ní àwọn ọdún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní Houston, ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ilẹ̀kùn onípákó ní Rosenberg, ìlú kékeré kan nítòsí Houston, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi ń bá ayàwòrán ilé kan ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Uptown. Èmi ń kan ilẹ̀kùn, òun ń ya ilé tí wọ́n máa gbé ilẹ̀kùn sí. Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ni mo wá kọ́ ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í wó, owó tó ń wá láti ilé dáwọ́ dúró, mo sì fi ilé ìwé sílẹ̀ kí ìyàwó mi lè parí tirẹ̀. A jọ pinnu rẹ̀ ni. N kò lè sọ pé ẹnì kan fi ipá mú mi.

Láàárọ̀, ìyàwó mi á gbé ọmọbìnrin wa lọ sí daycare tí wọ́n ti ń bá wa tọ́jú rẹ̀, èmi á ti wà lórí ọ̀nà márosẹ̀. Ọkọ̀ mi kò ní ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kí n tó dé ibi iṣẹ́ ni ẹ̀wù á ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Ọ̀gá wa jẹ́ òyìnbó àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàbá rẹ̀ ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ilẹ̀kùn apartment, àwọn ilé tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń háyà, ni a ń ṣe jù: igi tín-ín-rín yí i ká, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú àti lẹ́yìn, inú rẹ̀ ṣófo. Ó fúyẹ́, kò sì wọ́n. Àwọn kọngílá tó ń kọ́ ilé fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ mú ìròyìn náà wálé. Ọ̀gá tirẹ̀ ń ya ilé alájà mẹ́ta kan tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí àdúgbò Greenspoint, wọ́n sì ti kọ ilẹ̀kùn wa sínú àwòrán náà. Ìjọba ìlú dá àwòrán ọ̀hún padà. Òfin ti yí padà. Gbogbo ilẹ̀kùn apartment tó bá ṣí sí kọ̀rídọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ti fi iná dán wò, tó lè dá iná dúró fún ogún ìṣẹ́jú kí àwọn tó wà nínú ilé rí àyè sá jáde. Ó sì gbọ́dọ̀ ní àmì onírin pẹlẹbẹ kan létí tó jẹ́rìí sí i. Kò sí àmì kankan lára tiwa.

Mo bi í bóyá ọ̀gá rẹ̀ kò lè bá àwọn ará ìjọba sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀gá òun ló máa lu èdìdì rẹ̀ mọ́ àwòrán náà. Bí iná bá pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀, òun ni wọ́n máa wá mú, tí wọ́n á sì gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ilé náà ti sọ pé òun ò san kọ́bọ̀ lé e fún àtúnyà. Ìyàwó mi ló wá jókòó ti àtúnyà náà. Bí ilẹ̀kùn bá nípọn sí i, férémù á yí. Bí férémù bá yí, ògiri á sún, kọ̀rídọ̀ á dín, wọ́n á sì tún ní kọ̀rídọ̀ kò gbọ́dọ̀ dín. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń bọ̀ wálé pẹ̀lú eruku pẹ́ńsù lápá, tí á máa fi ọwọ́ òsì wọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá wa, ó ti gbọ́. Àwọn kọngílá mìíràn náà ti ń dá ilẹ̀kùn padà. Ó ní a máa ṣe ọ̀tun, èyí tí inú rẹ̀ kún, a ó sì gbé e lọ fún ìdánwò. Ìyàwó mi bẹ ọ̀gá tirẹ̀ pé kó jọ̀wọ́ fi àyè ilẹ̀kùn sílẹ̀ lófìfo títí ìdánwò náà á fi parí. Ó gbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí i.

A ṣe ilẹ̀kùn náà dáadáa. Èérún igi tí wọ́n fi àtè pò pọ̀, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra, ni a fi kún inú rẹ̀, ó wá wúwo débi pé n kò lè dá a gbé. Ní Sunday tó ṣáájú ìdánwò, alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa gbàdúrà pé kí gbogbo ilẹ̀kùn tó tì mọ́ wa ṣí. Mo ṣe àmín pẹ̀lú àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún lọ́kàn mi ni pé kí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo dúró ní títì.

Ìlú mìíràn ni ilé ìdánwò náà wà. Èmi àti ọ̀gá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ilẹ̀kùn náà sẹ́yìn ọkọ̀, a sì lọ. Wọ́n gbé e sínú ògiri kan, wọ́n ti ògiri náà mọ́ ẹnu ìléru, wọ́n sì tan iná gáàsì. Ìhà tó tutù ni àwa dúró sí. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí ohunkóhun ju òórùn àtè lọ. Lẹ́yìn náà ni ojú ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì. Àárín rẹ̀ dúró gbọn-in, mo sì ń rò ó pé a ti yege. Àfi bí igun rẹ̀ lókè, ní ìhà ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ṣe rọra tẹ̀ kúrò lára férémù, bí ìwé tí wọ́n gbé súnmọ́ ààrò. Iná yọ ahọ́n síta níbẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú kò tí ì pé. Ọkùnrin tó ń wo aago kọ nǹkan sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pa iná.

Ọ̀gá wa ṣí fìlà rẹ̀, ó sì tún dé e. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé bó bá fi irú kọ́kọ́rọ́ mìíràn sí i, tàbí tó bá mú igi etí rẹ̀ nípọn sí i, ó gbọ́dọ̀ tún wá sun òmíràn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lówó tí wọ́n á fi máa sun ilẹ̀kùn títí wọ́n á fi rí èyí tó tọ́. Nígbà tí a ń bọ̀, a yà ra kọfí.

Ó wá ní, "Òfin náà dára. Èmi ni mo ti dàgbà jù fún un."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo délé. Kí n tó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ojú rẹ̀, mo fi ìka kan ilẹ̀kùn apartment wa, ó sì dún bí agolo òfìfo. Irú èyí tí a ń ṣe ni. N kò ronú kàn án rí. Ọmọ mi ń ṣeré lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete. Mo ṣí i, mo sì wọlé.

Ìyàwó mi wo ojú mi. Ó bu ìrẹsì fún mi. Nígbà tí mo jẹun tán ló sọ pé ọ̀gá òun fẹ́ gbọ́ èsì lọ́la. Mo ní kí wọ́n kọ ilẹ̀kùn ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sí i.

"Èmi náà ni màá kọ ọ́, Dádì," ó ní. "Ẹ má bínú sí mi."

"Ta ni màá bínú sí?"

Òótọ́ ni mo sọ. Ó wù mí kí n rí ẹni tí màá bínú sí, torí ìbínú á kúkú dín àárẹ̀ náà kù. Ṣùgbọ́n mo ti rí iná tó yọ ahọ́n níbi igun yẹn.

Ọ̀gá wa pa iṣẹ́ ilẹ̀kùn tì, ó yí sí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Àwọn díẹ̀ ló fi sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, èmi kò sí lára wọn. Ó bọ ẹnì kọ̀ọ̀kan àwa tí à ń lọ lọ́wọ́, ó sì ń wo ilẹ̀. Ilé ti Greenspoint náà kò rí ilẹ̀kùn kankan lò. Wọ́n da kọnkéré ìpìlẹ̀ rẹ̀ tán ni owó bá tán, koríko sì hù yí àwọn irin tó yọrí síta ká. Kò pẹ́ tí ọ̀gá ìyàwó mi fi ní kí ó máa lọ sílé. Ó ń gba àwòrán díẹ̀díẹ̀ yà lórí tábìlì tí a fi ń jẹun, a sì ń gbé abọ́ wa jẹun lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tó yá, mo rí iṣẹ́ lọ́wọ́ kọngílá kan tó ń gbé ilẹ̀kùn sí ilé tuntun. Láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni wọ́n ti ń kó àwọn ilẹ̀kùn náà wá, gbogbo wọn ló ní àmì létí. Àwọn tó ń kun ilé kò bìkítà, wọ́n kun ọ̀dà bo àmì náà mọ́ ilẹ̀kùn. Ọkùnrin tí ìjọba rán wá yẹ ilé wò sọ pé ilẹ̀kùn tí òun ò bá lè ka àmì rẹ̀, òun á kà á sí èyí tí kò ní. Kọngílá wa fún mi ní abẹ kékeré kan. Láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn ni mo ń ha ọ̀dà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí bí lẹ́tà tó wà lára irin bá bá ọ̀dà lọ, ilẹ̀kùn tó dára ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ìyàwó mi bi mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pé kí ni mo ṣe níbi iṣẹ́. Mo ní mo ha ọ̀dà kúrò lára àmì kí wọ́n lè mọ̀ pé ilẹ̀kùn ni ilẹ̀kùn. Ó wò mí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wá yí àwòrán rẹ̀ sápá kan, ó fi òróró ìsebẹ̀ sí aṣọ kan, ó ní kí n na ọwọ́ wá, ó sì ń nu ọ̀dà kúrò ní èékánná mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.