Bálì Tí Yìnyín Lù Mọ́lẹ̀

Ọkọ ọmọ mi ló sọ fún mi pé iṣẹ́ oko kò yẹ ẹni tó kàwé. Ẹnjiníà ni, ilé iṣẹ́ epo ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Calgary lókè òkun. Mo ní kó jẹ́ kí n gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé wọn ní àdúgbò Castleridge, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mummy, ẹ fẹ́ sọ ilé mi di abúlé."

Èmi tí mo fi ìwé ẹ̀rí yunifásítì kọ́ni ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì! Mi ò gbàgbé.

Nígbà tó yá, owó epo já wálẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó wáṣẹ́ títí, kò rí. Ọmọ mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, nìkan ló ń gbọ́ bùkátà ilé. Níkẹyìn, opó òyìnbó kan tó ń dáko ọkà bálì lẹ́yìn ìlú Chestermere gbà á síṣẹ́ pé kó máa wa tirakítọ̀. Mi ò rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Inú basement, yàrá abẹ́ ilé tí mò ń sùn, ni mo ti rín in tẹ́rùn.

Nígbà tí ìkórè kù díẹ̀, òjò yìnyín rọ̀, ó tóbi bí ẹyin ẹyẹlé, ó sì lu gbogbo bálì mọ́lẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ a máa san owó fún àgbẹ̀ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá rán wá gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí ohun tó bàjẹ́. Bí owó yẹn ò bá jáde, opó náà yóò ta oko, ọkọ ọmọ mi yóò sì tún jókòó sílé.

Mo tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ tí ẹni ìjọba ń bọ̀. Nígbà tí a débẹ̀, oko mọ́ tónítóní. Ọkọ ọmọ mi ti gé gbogbo bálì tó wó láti àná, ó ti kó o kúrò nílẹ̀. Opó náà dúró, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí lo ṣe yìí?"

"Àlejò ìjọba ń bọ̀, ma. Mo ní kí ibi gbogbo mọ́."

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Nígbà tí iná jó oko kòkó bàbá mi, gbogbo ilé la jọ gé igi tó jóná, a kó eérú dànù, nítorí pé ọ̀gá ìjọba kan ń bọ̀ wá wò ó láti ìpínlẹ̀. Ọ̀gá náà jẹ adìyẹ wa tán, ó ní oko wa mọ́ dáadáa, ó lọ. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Bàbá mi ò tún gbin kòkó mọ́ títí ó fi kú.

Obìnrin kékeré kan tí ìjọba rán ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo ń retí pé yóò béèrè oúnjẹ. Kò béèrè omi pàápàá. Ó wo oko tó mọ́ tónítóní náà, kò bínú.

"Ṣé kò ṣẹ́ kù níbì kankan?"

Mo nawọ́ sí igun ọgbà oníwáyà, níbi tí tirakítọ̀ ò ti lè yí. Bálì díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀. Ó ń gbé pòròpórò tó ṣẹ́ sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ka hóró tó kù lára wọn, ó ń fi ìka wá èyí tó bọ́ sínú ẹrẹ̀, atẹ́gùn ń gbá a lójú. Orí mi wú. Ìjọba ló kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn nítorí bálì! Mi ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi. Ọkọ ọmọ mi ní, "Mummy, ṣé òtútù ni?" Mo fi gèlè nu ojú.

Igun yẹn tó fún un láti fi mọ ohun tó bàjẹ́; owó náà jáde kí snow tó bo ilẹ̀. Opó náà ò ta oko.

Nígbà tí snow yọ́, ọkọ ọmọ mi wá bá mi ní basement, ó rọra kúnlẹ̀.

"Mummy, níbo lẹ fẹ́ kí n gbẹ́ fún ẹ̀fọ́ yín?"

Mo ní, "Kọ́kọ́ gbálẹ̀ ibẹ̀ ná. Bóyá ẹni ìjọba á wá wò ó."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ọkọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ wá ṣọ́bìrì.