Mísítà Kvamme Tí Kò Gba Àwáwí

Lọ́jọ́ tí òjò dídì bo ìlú Tamarack Ford débi pé èèyàn ò rí ilé aládùúgbò rẹ̀ mọ́, wọ́n kéde lórí rédíò pé gbogbo ilé-ìwé ti di títì. Àwọn ọmọ hó yèè. Akéde náà dánu dúró díẹ̀, ó wúkọ́, ó ní: "Ìkéde kan tún kù o. Ọ̀dọ̀ Mísítà Orrin Kvamme tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Amẹ́ríkà ní ilé-ìwé girama ló ti wá. Wọ́n ní kí n sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì àwọn pé ilé-ìwé ló tì, àròkọ ò tì. Òní náà ni àwọn máa gbà á."

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dwight Sorley bú sẹ́rìn-ín nílé wọn. "Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ gbà á? Ṣé wọ́n máa fò wá ni?" Ó fa kúbùsù borí.

Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ọkọ̀ ràgàjì tí ìlú fi ń gbá òjò dídì kúrò lójú títì ló ń bọ̀. Butch Lindgren ló wà á. Mísítà Kvamme jókòó tì í, ó dé fìlà onírun, ó gbé páálí tí àròkọ kún inú rẹ̀ lé itan. Ọkọ̀ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé Sorley, olùkọ́ náà sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé.

"Dwight, ṣé o sùn dáadáa? Àròkọ rẹ dà?"

"Sà, òjò dídì yìí ni o..."

"Mo rí i. Inú ẹ̀ ni mo gbà wá."

"Iná tún lọ nílé wa, sà."

Mísítà Kvamme wo gílóòbù tó ń tàn yanran lókè orí ọmọ náà. "Ẹ kú oríire, ó ti dé. Jókòó kọ ọ́. Butch á dúró dè wá."

Butch pariwo látinú ọkọ̀: "Èmi ò lè dúró o! Gbogbo ìlú ló ń dúró dè mí!"

"O gbọ́ ohun tó wí, Dwight," ni olùkọ́ náà sọ. "Gbogbo ìlú ló ń dúró dè ẹ́."

Dwight kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ po kọfí fún àwọn méjèèjì tó ń dúró. Ọkọ̀ náà ò dé ọ̀dọ̀ àwọn ará òpópónà tó wà lẹ́yìn ilé Sorley, wọn ò jáde nílé lọ́jọ́ náà, wọn ò sì tíì dárí ji Dwight títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ọmọ ìlú wa ni Mísítà Kvamme. Wọ́n bí i sí oko kan lẹ́yìn ọ̀nà reluwé, ó lọ kàwé, ó padà wá, ó sì kọ́ni níbẹ̀ títí ó fi kọ́ ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ kọ́. Ó ga, ó gbẹ, ẹfun pátákó ò sì kúrò lára táì rẹ̀ rí. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ńláńlá. Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé, "Ìwé yìí kọ́ wa pé ìfẹ́ ṣe pàtàkì," yóò fi bírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Ìyá mi àgbà mọ èyí, wọn ò sì ka ìwé kankan. Kí ni ìwọ rí?"

Kò sí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ bírò yẹn. Ìgbà kan wà tí Gaylord Stenerson, ọ̀gá ilé-ìwé, kọ ìwé sí gbogbo olùkọ́ nípa ibi tó yẹ kí wọ́n máa gbé mọ́tò sí. Tọwọ́ Mísítà Kvamme padà dé ọ́fíìsì rẹ̀ tòun ti ìlà pupa jánganjàngan. "Ìpínrọ̀ kẹta ń tún ti àkọ́kọ́ sọ. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ò mọ ibi tó ń lọ. Èrò rẹ dára. Tún un kọ. D."

Ọ̀gá já wọ yàrá àwọn olùkọ́. "Orrin! Ṣé o mọ̀ pé èmi ni ọ̀gá ẹ?"

"Mo mọ̀. Ìyẹn ni mi ò ṣe fún ẹ ní F."

Stenerson gbá ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wọn lójú. Àmọ́ lọ́jọ́ Ajé, ìwé mìíràn jáde, kò ju ìlà bíi mélòó kan lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn olùkọ́ mọ ibi tí wọ́n máa gbé mọ́tò sí.

Ti Rudy Brandvold ló wá le jù. Ẹlẹ́dẹ̀ ni Rudy ń sìn. Òun náà ti jókòó ní kíláàsì Mísítà Kvamme rí, kó tó fi ìwé sílẹ̀ nítorí oko. Colleen ọmọ rẹ̀ wà ní ọdún tó máa fi jáde, ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ní Fargo sì ti gbà á. Ìgbà tí ẹlẹ́dẹ̀ ń bímọ lọ́tùn-ún lósì ni iṣẹ́ àṣetiléwá ńlá kan bọ́ sí: kí wọ́n ka ìtàn gígùn kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ bóyá ó yẹ kí ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí dúró nílé tàbí kó lọ. D ni Colleen gbà. Rudy wọ bàtà oko rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé, òórùn ẹlẹ́dẹ̀ sì ti ṣíwájú rẹ̀ dé kíláàsì.

"Tíṣà, kí ló ṣe àròkọ yìí tí ẹ fi fún un ní D?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ burú, Rudy. O ò kàn ka ìwé yẹn ni."

"Èmi kẹ̀? Ọmọ mi ló kọ ọ́!"

"Colleen kì í fi ẹlẹ́dẹ̀ ṣàpèjúwe nínú gbogbo ìpínrọ̀."

Rudy wo bàtà rẹ̀. Ó mọ òfin. Ọmọ tó bá mú iṣẹ́ ẹlòmíràn wá pé tòun ni máa féèlì, ẹni tó bá sì féèlì ò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Fargo ti lọ nìyẹn. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kò rán mi níṣẹ́. Orí tábìlì ló sùn lọ sí, iṣẹ́ oko ti pa á kú. Èmi ni mo mú bírò. Èmi ni kí ẹ fìyà jẹ."

Mísítà Kvamme gbé bírò pupa rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní: "Ó dáa. Colleen máa kọ tiẹ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì. O ò gbọdọ̀ rán an dé ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ títí di ìgbà yẹn."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Ìyà tìẹ ló kù. Ìwọ náà máa tún tìẹ kọ."

"Èmi?"

"D lo gbà. Ṣé bó o ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀ nìyẹn?"

"Mi ò tíì ka ìwé yẹn, Tíṣà."

"Fi ìwé yẹn sílẹ̀. Kí ló dé tí èèyàn fi ń dúró sí ibi tó lè kúrò? Kọ ohun tó o rí."

Colleen kọ tiẹ̀, ó gba A. Rudy kọ tiẹ̀, wọ́n dá a padà. Ó tún un kọ, wọ́n tún dá a padà: "O ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń díje fún gómìnà." Bó bá ti wọ ilé kọfí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀: "Rudy, ṣé o ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ?" Òun á ní: "Ẹ fi mí sílẹ̀ o jàre. Kọ́mà ò jẹ́ kí n jẹun."

Èyí tó kọ gbẹ̀yìn ò gùn. Ó kọ ọ́ nípa Lyle ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó kó lọ sí ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá wọn. Ó ní òun náà ti di ẹrù òun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì. Bí òun ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ni abo ẹlẹ́dẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ọmọ sì fẹ́ há sí i nínú. Òun gbé ẹrù kalẹ̀, òun ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè. Ìgbà tí òun fi máa fọ ọwọ́ tán, bọ́ọ̀sì ti lọ. "Kò dùn mí pé mo dúró," ló kọ sí ìparí. "Mo kàn fẹ́ kí Lyle mọ̀ pé mo ti di ẹrù mi."

Ìdúró ni Mísítà Kvamme wà lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fi kà á. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó wá kọ B sí i.

"B?" ni Rudy wí. "Kí ló tún kù?"

"Kọ́mà."

Rudy fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ ibi tó ń gbé katakata sí. Bí àlejò bá wá ra ẹlẹ́dẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á.

Nígbà tí Mísítà Kvamme darúgbó, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ já a kulẹ̀. Nígbà tí Marlys ìyàwó rẹ̀ ò lè gbé e dìde mọ́, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tó fi dá kíláàsì sílẹ̀ ní yàrá ìjẹun, gbogbo Ọjọ́bọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé eré ni, àfìgbà tó fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá.

Bàbá kan ní: "Orrin, èmi tí mo ti ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún. Kí lo lè fi mí ṣe tí mi ò bá kọ ọ́?"

"Mi ò ní jẹ́ kó o wọ kíláàsì."

Bàbá náà ronú sí i. Eré bíńgò nìkan ló tún wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́.

Nínú wọn ni ìyá àgbà kan wà tó ń jẹ́ Alvina Ruud. Wọ́n yọ ọ́ nílé-ìwé ní kékeré kó lè máa fún wàrà màlúù, láti ìgbà náà, yàtọ̀ sí àdírẹ́sì tó ń kọ sẹ́yìn àpò ìwé, kò kọ nǹkan kan mọ́. Iṣẹ́ tí Mísítà Kvamme fún wọn gbẹ̀yìn ni pé kí wọ́n kọ nípa ìró kan tí wọn ò gbọ́ mọ́. Kí Ọjọ́bọ̀ tó pé, Mísítà Kvamme sùn, kò jí.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ ìsìnkú. Lẹ́yìn ìsìn, a sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀, a jẹ búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, a mu kọfí, oníkálukú ń sọ èyí tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ olóògbé. A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Níbi tí a ti ń rẹ́rìn-ín ni Alvina ti nawọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé, kò sì gbé e sílẹ̀ títí gbogbo wa fi dákẹ́.

"Mo ti ṣe iṣẹ́ mi tán," ó ní. "Ta ni kí n wá gbé e fún?"

Marlys ló ní: "Ẹ kà á fún wa, mà."

Ó tú ìwé náà, ó kà á. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, orí ibùsùn ni òun ti máa ń gbọ́ bí ìyá òun ṣe ń fún wàrà. Bí korobá bá ṣófo, wàrà á máa dún kan kan kan nídìí rẹ̀. Bó ṣe ń kún ni ìró náà ń rọlẹ̀, tó ń wúwo, títí á fi dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Bí mo bá ti gbọ́ ìyẹn, mo mọ̀ pé ọwọ́ màmá mi ti tutù, wọn ò sì ní pẹ́ wọlé wá sọ́dọ̀ mi."

Marlys na ọwọ́ gba ìwé náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ lórí tábìlì títí ó fi jọ̀lọ̀.

"Ti Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?" ni Alvina bi í. "Kí ni ká kọ?"

Marlys kì í ṣe olùkọ́. Ó gbé ife kọfí rẹ̀ kalẹ̀. "Ẹ kọ nípa ẹnì kan tó yọ yín lẹ́nu dáadáa," ó ní.

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni oníkálukú wo iwájú rẹ̀, ó ń wá ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ àròkọ rẹ̀.