Aṣọ Aró Lára Mọ́tò Funfun

Ẹni tó bá sọ pé ìyálé kì í jowú, irọ́ ló ń pa! Èmi jowú ní Wagadugu, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń jọba níbẹ̀. Mo jowú débi pé oúnjẹ ń korò lẹ́nu mi, nítorí mọ́tò lásán.

Ọkọ mi ń ta aṣọ. Nígbà tí òyìnbó kan ní Kulúbà, àdúgbò àwọn òyìnbó, fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ọkọ mi ra mọ́tò rẹ̀, funfun báláú. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la máa ń fi pọ́líṣì pa á, kó lè dán lọ kírun Jímọ̀. Pípa rẹ̀ kò le, ibi nínù rẹ̀ kúrò niṣẹ́ wà. A ó kọ́kọ́ fi omi ṣan eruku pupa kúrò, torí eruku tó bá kù lábẹ́ aṣọ ni í ha ọ̀dà. Abẹ́ igi máńgòrò la ti ń pa á, kí oòrùn má baà sè é mọ́ irin. Tí ojú pọ́líṣì bá ti ṣú bàìbàì, a ó fi àlòkù aṣọ tó ti rọ̀ nù ún jẹ́jẹ́, a ó máa yí aṣọ náà síbi tó mọ́.

Èmi lápá kan, òun lápá kejì. Ibẹ̀ ló ti ń sín àwọn oníbàárà rẹ̀, àwọn Mósí ọmọ ìlú náà, jẹ fún mi, a ó rẹ́rìn-ín títí. Ọjọ́ yòókù, ó kàn ń béèrè oúnjẹ ni. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mo ní ọkọ.

Ó wá fẹ́ ìyàwó. Wagadugu ni wọ́n bí i sí, Faransé ń dà lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́, ọkọ mi ní, “Ìyálé, lọ sinmi. Ìyàwó á bá mi nu mọ́tò.”

Sinmi kẹ̀! Ta ló sọ fún un pé ó rẹ̀ mí? Mo jókòó sí yàrá, mò ń ṣa òkúta lára ìrẹsì tí kò ní òkúta, mò ń gbọ́ “d'accord”, ìyẹn “ó dáa” lédè Faransé, àti ẹ̀rín lóde.

Nílé oníṣòwò aṣọ, aṣọ tuntun la fi ń yẹ́ ohun tó níyì sí. Ìyàwó tú ẹrù ìgbéyàwó rẹ̀, ó mú aṣọ aró tí kò tíì ró rí, tí sítáàṣì ṣì mú le gbandi, ó fi í nu mọ́tò. Ìgbà tí ọkọ mi pariwo ni mo sáré jáde. Yéè! Aró ti fa ìlà sára funfun, sítáàṣì sì ti ha ìdérí ẹ́ńjìnnì.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ní lónìí ló máa gbọ́ èdè tí kò sí nínú Faransé.

Ọkọ mi gba aṣọ náà, ó tẹjú mọ́ ọn. “Aṣọ ìyàwó rẹ lo fi nu mọ́tò mi?”

“Ẹ má bínú. Mo rò pé èyí tó dáa jù ló yẹ ẹ́.”

“Barka,” ló wí, ìyẹn “o ṣé” lédè Mósí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Kò fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ó yíjú sí mi: “Ìyálé, jọ̀ọ́, bá wa nu aró yìí kúrò.”

Bá wa! Wọ́n wọlé. Mo pa pọ́líṣì tuntun lé aró lórí, mo nù ún, ó ṣí. Nígbà tí ọkọ mi jáde, mo ní màá gbìyànjú ibi tí sítáàṣì ha náà.

“Fi ìyẹn sílẹ̀,” ló wí, ó ń fi ìka tọ ojú ibẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó ló ṣe é.”