Yàrá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Sùn Sí

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún náírà ni òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà yọ nínú àkáǹtì Ọlábọ̀wálé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Òru mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún méjìlélọ́gbọ̀n lóru kan. Kò sùn níbẹ̀, kò tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Ìdajì mílíọ̀nù ló tu jọ fún ojú ìyàwó rẹ̀, Lucy: irínwó ẹgbẹ̀rún fún iṣẹ́ abẹ ní Èkó, ìyókù fún ibùsùn. Dókítà ti ní bí oṣù yẹn bá fi lè kọjá láìṣe é, ojú ọ̀tún lọ nìyẹn. Ọmọ wọn, Ìfẹ́olúwa, ló fi nọ́ńbà káàdì bàbá rẹ̀ gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì lórí fóònù.

Ìdájí Ọjọ́rú tí wọn ì bá wọ mọ́tò ni Mọ́gàjí, olórí agboolé wọn, kú. Wọn kì í sọ irú ikú bẹ́ẹ̀ síta kí àwọn àgbà tó túfọ̀ rẹ̀ láàfin. Bàbá Ọládèjì, àgbà ilé, gbé apẹ̀rẹ̀ kan sáàárín àgbàlá.

"Ẹ kó fóònù yín síbí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, àárẹ̀ ló mú Mọ́gàjí."

Ọlábọ̀wálé ju tirẹ̀ sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n túfọ̀, wọ́n sì dá fóònù padà. Ó san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún, owó ìsìnkú tí wọ́n bù fún un. Ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ abẹ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan tó ń gbé Èkó ní kí wọ́n wá sùn lọ́dọ̀ òun. Irínwó ẹgbẹ̀rún pé síbẹ̀, àfi ìgbà tó wo àkáǹtì tó rí i pé òtẹ́ẹ̀lì ti yọ tirẹ̀.

Ó pe òtẹ́ẹ̀lì. Olúwapẹ̀lúmi, òṣìṣẹ́ wọn kan, ló gbé e.

"Ẹ̀yin lẹ ò fagi lé e, sà. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ikú, a máa ń dá a padà. Ẹ fi ìwé ìkéde ikú náà ránṣẹ́."

Ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí Olúwapẹ̀lúmi fi pè padà.

"Sà, Ọjọ́rú la retí yín. Ìwé yín ní Ọjọ́ Ẹtì ni Bàbá kú."

Ọjọ́ tí wọ́n túfọ̀ ni ẹbí kọ sínú ìwé náà. Ọlábọ̀wálé kọ lẹ́tà, ó gbé e tọ Bàbá Ọládèjì lọ.

"Bàbá, ẹ bá mi fọwọ́ sí i pé Ọjọ́rú ni wọ́n kú."

"Kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé a purọ́? Nítorí òtẹ́ẹ̀lì?"

"Nítorí ojú Lucy ni."

"Tíṣà, ìwé àmọ̀jù ló ń dà ọ́ láàmú. Ṣé kò ṣẹ́ ku ojú kan fún un ni?"

"Kí ẹbí dá owó ìsìnkú mi padà, nígbà náà."

"A ti fi ra màlúù."

Ní báǹkì, wọ́n ní àwọn kò lè gba owó náà padà, nítorí ará ilé rẹ̀ ló fi nọ́ńbà káàdì sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ní àwọn kì í gba àbọ̀ owó. Òtẹ́ẹ̀lì kò dá kọ́bọ̀ padà.

"Ẹ jẹ́ ká dúró de owó ìfẹ̀yìntì yín," ni Lucy wí.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún ni lóṣù. Ọlábọ̀wálé ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: oṣù mẹ́rin gbáko, bí wọn kò bá jẹun. Kò sọ ọ́ fún un.